Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀ràn Olè Tó Ọlọ́pàá Létí
Bí olè bá ń jálẹ̀kùn lọ́wọ́, 112 ni kí ẹ pè. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a kò bá ewúrẹ́ ní ìso, kí olóhun mú ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá pọ̀n. Òfin kò bu owó lé ẹjọ́ sísùn. Kí ó ṣàlàyé àwọ̀ ẹran náà, àmì etí rẹ̀, àti ìgbà tí ó rí i gbẹ̀yìn. Bí ó bá fura sí ẹnìkan, kí ó pè é ní ìfura. Ọmọ ọlọ́mọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè ti ibẹ̀ dé àtìmọ́lé. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó ní kí a ka àkọsílẹ̀ náà sí òun létí kí ó tó tẹ ìka sí i.