Bí ọkọ̀ tó ń kó òwú bá ń gbóná jù: ẹ yẹ júwẹ̀n kùlásì wò



Nígbà tí a bá já òwú tán, tí ọjọ́ ìwọ̀n sì sún mọ́lé, ọkọ̀ bàṣé ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbójú lé. Òun ló ń gbé òwú kúrò lóko, òun náà ló ń gbé ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò wá. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kú lásìkò yìí, òwú á wà nílẹ̀, eruku ọyẹ́ á bò ó, iná ìgbẹ́ sì lè ràn mọ́ ọn. Owó tí a fẹ́ fi san gbèsè àti owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ á dúró. Ohun pẹlẹbẹ kan tó sábà máa ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀ ni júwẹ̀n kùlásì.

KÍ NI JÚWẸ̀N KÙLÁSÌ?

Apá ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ni bílọ́ọ̀kù, níbi tí pístọ̀n ti ń lọ sókè sódò. Apá òkè tó dé e bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò ni kùlásì. Júwẹ̀n ló wà láàrin àwọn méjèèjì. Kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde níbi tí epo ti ń jó, kì í sì í jẹ́ kí omi rádíátọ̀ àti òróró ẹ̀rọ pàdé.

Iṣẹ́ rẹ̀ le nínú ẹ̀rọ gàsúwáálì. Ẹ̀rọ yìí kò ní bùjí tí ń ta iná bíi ti ẹ̀rọ ẹsáńsì. Fífún tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ló ń mú afẹ́fẹ́ náà gbóná títí gàsúwáálì fi ń gbiná. Ó ń fún un di ìdá kan nínú nǹkan bí 20, nígbà tí ẹ̀rọ ẹsáńsì ń fún un di ìdá kan nínú nǹkan bí 10. Júwẹ̀n tó bá ti rẹ̀ kò lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀ mọ́ra.

KÍ LÓ Ń BÀ Á JẸ́?

Ooru àpọ̀jù ni. Bí ẹ̀rọ bá gbóná jù, kùlásì á tẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní gún mọ́, júwẹ̀n á sì jó. Ohun tó ń fa ooru náà kò jìnnà sí wa: omi tó ń jò, kùrúwà tó rọ̀, ẹrù tó pọ̀ jù, àti rádíátọ̀ tó dí. Ti àwa tí a ń kó òwú tún yàtọ̀: irun òwú àti eruku máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú rádíátọ̀ títí afẹ́fẹ́ kò fi ní rí ọ̀nà kọjá.

ÀMÌ TÍ Ẹ Ó FI MỌ̀ Ọ́N

1. Omi rádíátọ̀ ń dín kù lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò rí ibi tó ti ń jò.
2. Èéfín funfun ń jáde láìdáwọ́ dúró. Díẹ̀ tó bá jáde láàárọ̀ tó sì tán kì í ṣe àrùn.
3. Òróró ẹ̀rọ dà bíi kọfí tí a da wàrà sí.
4. Ọ̀pá ràbá òkè rádíátọ̀ le gbagidi kété tí ẹ ṣáná, nígbà tí ẹ̀rọ kò tíì gbóná.
5. Omi tàbí òróró ń sun jáde ní ibi tí kùlásì àti bílọ́ọ̀kù ti pàdé.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín láàárọ̀, kí ẹ̀rọ tó gbóná rárá. Ẹ ṣí ìdérí rádíátọ̀, ẹ rọ omi kún un, kí ẹnì kan ṣáná. Ẹ jìnnà sí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ. Bí omi bá ń yọ ìfófó láìdúró, bí ìgbà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ti ń wọ inú omi nìyẹn.

OHUN TÍ Ẹ KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe ṣí rádíátọ̀ nígbà tó gbóná. Omi á tú jáde, á sì bó yín lójú. Ẹ má ṣe da omi tútù sórí ẹ̀rọ gbígbóná. Kùlásì lè sán. Ẹ má ṣe da ẹyin tàbí ìyẹ̀fun sínú rádíátọ̀ láti fi dí ibi tó ń jò. Rádíátọ̀ ló máa dí. Bí òróró bá sì ti di funfun, tàbí tí ẹ̀rọ kọ̀ láti yí, ẹ má ṣe fi agbára ṣáná. Omi tó wọ orí pístọ̀n lè tẹ apá rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE

Mekaníṣíẹ̀n ni yóò ṣe é, ṣùgbọ́n owó yín ni. Ẹ dúró tì í, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ó bèèrè.

1. Kí ẹ̀rọ tutù pátápátá. Kí ó yọ okùn bátìrì, kí ó sì fa omi àti òróró jáde.
2. Kí ó sàmì sí gbogbo ohun tó bá tú. Kí ó tú bùlọ́ọ̀nù kùlásì díẹ̀díẹ̀, láti etí wá sí àárín.
3. Kí ó gbé irin tó gún régé lé ojú kùlásì, ní gígùn, ní ìbú àti ní ìdábùú, kí ó fi abẹ́ ìwọ̀n tínrín wo àlàfo abẹ́ rẹ̀. Ìwé ọkọ̀ náà ló ń sọ iye tó lè gbà. Bó bá ti tẹ̀ jù, tàbí tó sán, júwẹ̀n tuntun kò ní pẹ́. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n tú lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé wọn kò wọ̀n ọ́n.
4. Kí ó nu ojú méjèèjì láìha wọ́n. Kí ihò bùlọ́ọ̀nù gbẹ. Omi tàbí òróró tó bá kù sínú rẹ̀ lè fọ́ bílọ́ọ̀kù nígbà tí a bá ń fún un.
5. Kí ó mú júwẹ̀n tó bá ẹ̀rọ mu. Ti gàsúwáálì sábà máa ń ní ìnípọn oríṣiríṣi. Gígé kéékèèké tàbí ihò etí rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí èyí tó tín jù bá wọlé, pístọ̀n lè gbá kùlásì. Ẹ má gba èyí tí a ti lò rí.
6. Kí ó fún bùlọ́ọ̀nù láti àárín lọ sí etí, ní ìpele ìpele, pẹ̀lú kílé tí ń wọn agbára. Àwọn bùlọ́ọ̀nù kan ń nà bí a bá fún wọn. Tuntun la gbọ́dọ̀ fi rọ́pò wọn.
7. Òróró tuntun, fíltà tuntun, omi rádíátọ̀ tuntun. Kí ó lé afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ̀nà omi àti ọ̀nà gàsúwáálì.

Kí wọ́n sì wá ohun tó mú ẹ̀rọ gbóná, kí wọ́n tún un ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, júwẹ̀n tuntun náà á tún jó.

KÍ Ẹ TÓ DI ẸRÙ

Láàárọ̀, ẹ wo omi, òróró àti kùrúwà. Ẹ fi omi tí kò le jù fọ irun òwú kúrò lára rádíátọ̀, láti ẹ̀yìn síwájú. Lójú ọ̀nà, bí abẹ́rẹ́ ooru bá ń lọ sókè, ẹ dúró, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó tutù. Ìrìn wákàtí kan tó pẹ́ sàn ju kí òwú ọdún kan sùn lójú ọ̀nà.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní ń gbà.