Kọ̀ǹpútà tó ń yẹ plánì ilé wò: ibi tó wúlò dé, àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí l'Ékòó

Ní Malu Road, láti Àpápá wọ Ajégúnlẹ̀, bí í ṣe rí káàkiri Èkó, irin òpó tó yọ sókè lórí dẹ́kìn tó gbẹ̀yìn kì í ṣe ohun àjèjì. Ohun tí irin bẹ́ẹ̀ ń sọ ni pé bí owó bá tún dé, onílé fẹ́ gbé àjà mìíràn lé e. Àjà mélòó ni ìpìlẹ̀ ilé náà lè gbé? Mélòó ni ìjọba fọwọ́ sí? Ilẹ̀ àbàtà pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, èrò sì kún ibẹ̀: nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn 684,105 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun, tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 12 lọ. Bí ilé kan bá wó níbẹ̀, ti aládùúgbò náà wà nínú ewu.

Láwọn orílẹ̀-èdè kan, kọ̀ǹpútà ti ń bá òṣìṣẹ́ ìjọba yẹ plánì wò kí bíríkìlà tó kó yanrìn jọ. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí.

Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ sínú kọ̀ǹpútà

Ìlà ni plánì tí a mọ̀, ì báà wà lórí bébà, ì báà jẹ́ PDF. Ojú ènìyàn ló ń mọ̀ pé ìlà méjì tó sún mọ́ra ni ògiri, pé àlàfo tó wà láàárín wọn ni ẹnu ọ̀nà. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní BIM, odindi ilé ni ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà kọ́ sínú kọ̀ǹpútà. A ti kọ ọ́ mọ́ ògiri kọ̀ọ̀kan pé ògiri ni, bó ṣe nípọn tó, ohun tí a óò fi mọ ọ́n, àti yàrá tó pààlà. Òpó ní ìwọ̀n kọ́ńkéré àti irin tirẹ̀. Kí sọ́fítíwíà kan lè ka iṣẹ́ tí òmíràn ṣe, wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlànà IFC, èyí tí àjọ ISO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ìlànà 16739 ní ọdún 2013.

Bí òfin ṣe ń di ìṣirò

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1966 ni Steven Fenves, onímọ̀ ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé a lè to òfin ìkọ́lé sínú tábìlì: bí èyí bá rí báyìí, tí tọ̀hún sì rí báyẹn, ohun tó kàn nìyí. Síbẹ̀, òfin kò rọrùn bákan náà.

Ká ní òfin sọ pé mítà 3 gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé àti ààlà. Ìyẹn kò le: kọ̀ǹpútà á wọ̀n ọ́n, á sì dáhùn. Ká ní ó sọ pé ẹni tó wà ní yàrá tó jìnnà jù lọ kò gbọ́dọ̀ rìn ju mítà 30 lọ kó tó dé àtẹ̀gùn. Níbí, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí ẹsẹ̀ lè tọ̀, kó yí ògiri po, kó sì gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Nínú ilé face-me-I-face-you, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́ ọ̀nà àbájáde gbogbo yàrá, irú òfin bẹ́ẹ̀ ló ń gba ẹ̀mí là bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ṣùgbọ́n bí òfin bá ní kí atẹ́gùn "tó péye" máa wọlé, péye lójú ta ni? Ìdájọ́ ènìyàn ló kù.

Singapore wà lára àwọn tó ti rìn jìnnà jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò CORENET ní 1995, e-PlanCheck, tí kọ̀ǹpútà fi ń yẹ plánì wò nígbà náà, sì wá láti inú rẹ̀. Ní December 2023, wọ́n gbé CORENET X jáde, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tọ́rọ̀ kàn ti jọ ń yẹ fáìlì ilé kan náà wò, dípò kí oníplánì máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn.

Ṣé ìbá ti gba ẹ̀mí là l'Ékòó?

Ní ìpínlẹ̀ Èkó, LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, LASBCA ló sì ń ṣọ́ iṣẹ́ lórí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àjálù mẹ́ta wọn ẹ̀rọ yìí wò.

Ní September 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue wó ní Ìkòtún, ẹ̀mí 116 sì bá a lọ. Ilé-ẹjọ́ tó wádìí ikú wọn rí i pé ilé náà kò ní ìwé àṣẹ. Plánì tí kò dé ọ́fíìsì, kọ̀ǹpútà wo ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?

Ní March 2019, ilé tó ní iléèwé nínú wó ní Ìta Fájì, ogún ènìyàn sì kú. Wọ́n ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ló yẹ ẹ́. Ìmọ̀ kò wọ́n níbẹ̀, ìgbésẹ̀ ló wọ́n.

Ti Ìkòyí ní November 2021 ló yàtọ̀. Ilé alájà 21 wó, ó pa ènìyàn tó lé ní 40. Lẹ́yìn rẹ̀, olórí LASBCA ìgbà náà ní àjà 15 ni ìwé àṣẹ sọ. Igbákejì gómìnà, Obafemi Hamzat, ní 21 ni. Ọ̀rọ̀ iye àjà lásán, ẹnu ìjọba kan náà kò kò lé e lórí. Ká ní inú fáìlì kan ṣoṣo ni ilé tí wọ́n fọwọ́ sí wà, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó bá yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kì bá tí wáyé.

Ohun tó kù fún Malu Road

BIM ń ná owó, ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ ilé kékeré kò sì ní lò ó láìpẹ́. Kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ bóyá ẹnì kan kàn ronú gbé nọ́ńbà àyẹ̀wò ilẹ̀ sínú fáìlì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dín sìmẹ́ǹtì kù. Yàrá àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé ìjọba ló lè fọ́ bulọ́ọ̀kù wò.

Síbẹ̀, iṣẹ́ méjì wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de BIM. Èkínní ni kí ìjọba tún òfin tó ní nọ́ńbà kọ lọ́nà tí kò fi ní ní ìtumọ̀ méjì. Èkejì ni kí àkọsílẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan wà ní gbangba: iye àjà tí wọ́n fọwọ́ sí, orúkọ ẹnjiníà, ọjọ́ àyẹ̀wò tó kẹ́yìn. Ayálégbé tó fẹ́ san owó ọdún kan kò nílò sọ́fítíwíà láti ka àjà, àmọ́ ó nílò nọ́ńbà ìjọba tí yóò fi wé e kó tó kówó sílẹ̀.