Káàdì Àjọ àti Ọjọ́ Ogbó

Ní kùtùkùtù, kí ọjà Kétu tó kún, alájọ ti ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Oníbàárà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí a fa àpótí kékeré 31 sí. Ẹni tí ó bá san 200 fránkì, alájọ a fi báírò sàmì sí àpótí kan. Nígbà tí àpótí bá kún tán, owó náà di 6,200 fránkì. Alájọ yóò mú 200 fún iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì dá 6,000 padà fún ẹni tí ó ni í.

Ètò yìí ti pẹ́ láàrin wa, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n owó tí ó ń wálé lóṣooṣù, lóṣooṣù náà ni ó ń lọ. Ohun tí ènìyàn yóò fi í ṣe gbọ́dọ̀ bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu.

Ẹ wo ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìránṣọ. Kò tí ì bímọ, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó sì ń jẹun. Ìgbà yìí gan-an ni owó àjọ lè di ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀. Bí ó bá kọ́kọ́ fi ra tẹlifóònù ńlá, yóò tún máa wá owó tí tẹlifóònù yóò jẹ.

Nígbà tí ó bá di ìyá ọmọ mẹ́ta, ó yẹ kí ó ti máa dá àjọ ìwé àti aṣọ ilé-ìwé sílẹ̀ láti oṣù kìíní, kí oṣù kẹsàn-án má baà bá a lójijì. Síbẹ̀, kì í ṣe ilé-ìwé nìkan ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó wà ní ọjọ́ orí yìí. Ìnáwó òkú ńkọ́? Ẹni tí ó ń dá 200 fránkì lójúmọ́ yóò rí nǹkan bí 70,000 kó ní oṣù méjìlá. Bí ó bá ra aṣọ ẹbí márùn-ún lọ́dún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10,000, 50,000 ti lọ. Kò tí ì san owó aránṣọ, kò sì tí ì wọ ọkọ̀.

Kò sí ẹni tí ó ní kí a má sin àgbà bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ẹbí lè péjọ nígbà tí kò sí ọ̀fọ̀, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé aṣọ tí ó wà nílé ti tó. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu ọmọdé. Àgbà ilé ni ó yẹ kí ó sọ ọ́.

Ọjọ́ ogbó ńkọ́? Òṣìṣẹ́ olówó oṣù ní Bẹ̀nẹ̀ lè gba owó ìfẹ̀yìntì, bí ọ̀gá rẹ̀ bá kọ orúkọ rẹ̀ sí CNSS tí a sì ń san owó síbẹ̀. Kí ó tètè béèrè, nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Aránṣọ, àgbẹ̀ àti oníṣòwò kò ní ọ̀gá tí yóò san án fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbójú lé ọmọ. Ọmọ dára, ṣùgbọ́n òun náà yóò ní ọmọ tirẹ̀ láti tọ́.

Owó ogbó gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ kì í tètè tó o. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn kan fi í gbin kajú. Ní Pobẹ̀, ní gúúsù Kétu, níbi tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ wà, ọ̀pẹ ni. Kí ẹni tí yóò gbin ín kọ́kọ́ gba ìwé lórí ilẹ̀ náà. Ọ̀pẹ tí a yan irúgbìn rẹ̀ dáadáa a máa so láàrin ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, a sì máa so fún ohun tí ó ju 20 ọdún lọ. Obìnrin tí ó bá gbin ín ní ẹni ọdún 40 yóò ṣì máa kó èso rẹ̀ ní ẹni ọdún 60, nígbà tí ẹlòmíràn bá ti jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, tí alájọ sì ń sàmì sí káàdì onítọ̀hún.