Òkè Ifẹ̀: Òótọ́ àti Irọ́

"Òkúta máa ń dàgbà."

Ọ̀pọ̀ àgbà ní Ilé-Ifẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, òkúta ẹ̀yìnkùlé kò ju orúnkún lọ. Lónìí, ó ti ga tó èèyàn. Wọn kì í ṣe òpùrọ́, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òkúta dúró síbi tó wà, ilẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Ọdọọdún ni àgbàrá òjò ń gbá iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ṣán igbó. Ẹ lọ wo òkè tí wọ́n ń pè ní Hill 1 ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Irú akọ òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń ṣí ní abala-abala bí èèpo àlùbọ́sà: ẹrù ilẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kúrò, ara rẹ̀ là, omi òjò wọ ojú ibi tó là, abala náà bọ́, ó sì yí lọ sísàlẹ̀. Kíkéré ni òkè náà ń kéré sí i.

"Òkè iná tó ti kú ni àwọn òkè Ifẹ̀."

Àwọn tó ti ka ìwé díẹ̀ ló fẹ́ràn èyí. Òótọ́ ni pé ooru wà nínú ìtàn wọn, àmọ́ abẹ́ ilẹ̀ ló parí sí. Ẹ fọ́ akọ òkúta kan: hóró funfun, hóró dúdú tó ń dán, ojú lásán rí wọn kedere. Òkúta yíyọ́ tó bá tú jáde lẹ́nu òkè iná máa ń tètè tutù, hóró rẹ̀ kì í ráyè tóbi. Díẹ̀díẹ̀ ni irú tiwa tutù, ní ìjìnlẹ̀ ọ̀pọ̀ kìlómítà. Akọ òkúta òkè Ìdànrè ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún. Àwọn kan lágbègbè Ifẹ̀ tilẹ̀ pẹ́ láyé jù ú lọ. Gbogbo ilẹ̀ tó bò wọ́n ni òjò ti kó lọ kí ojú wa tó tó wọn.

"Igi ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ó kàn di òkúta ni."

Rárá o. Akọ òkúta ni òpó yìí, ó ga tó mítà 5.5. Igi tó bá di òkúta kì í sábà pàdánù ìlà inú igi. Hóró bíi ti òkè ló wà nínú eléyìí. Ẹ sún mọ́ ọn ní Mọ́pà, ní Ilé-Ifẹ̀, kí ẹ wo ìṣó irin tó tò sí i lára. Èèyàn ló gé òpó yẹn, ó gbé e nàró, ó sì gbá irin wọnú òkúta tó le tó bẹ́ẹ̀.