Ṣòkòtò Àgbàwọ̀: Ọ̀rọ̀ Àwọn Oníwèé Eré Kéékèèké ní Amẹ́ríkà

Kò sí olùkọ́ tí kò mọ bí ó ti ń rí nígbà tí a bá yí ìwé ẹ̀kọ́ padà. Èyí tí àwọn òbí ti rà kò bá ìdánwò mu mọ́. Ìyá oníwèé tó kó o jọ sórí àtẹ a sì máa wá ẹni tí yóò bá a rà á ní owó pọ́ọ́kú. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ eré ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: eré tí mo ń wí yìí, òun ni iṣẹ́ òòjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá sì ní ìsọ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀ yóò rí ara rẹ̀ nínú ìtàn náà.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE ERÉ NÁÀ

Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn eré wọ̀nyí ni Dungeons & Dragons. Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe é, ilé-iṣẹ́ TSR sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní 1974. Ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún a jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí. Òun ni yóò máa sọ ìtàn bí ẹni ń pàlọ́. Olúkúlùkù àwọn yòókù a sì mú ipò ẹnì kan nínú ìtàn náà: ẹnì kan jẹ́ jagunjagun, ẹnì kan jẹ́ olóògùn, ẹnì kan jẹ́ olè. Bí àǹjọ̀nú bá yọ sí wọn lójú ọ̀nà, olùdarí a bi wọ́n pé, “Kí lẹ ó ṣe?” Ẹni tó bá ní òun yóò bá a jà a ju dáìsì, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, àfi pé ojú 20 ni tiwọn ní. Ìwé òfin ló ń sọ iye tí dáìsì gbọ́dọ̀ já kí idà tó lè wọlé.

Nítorí náà, ẹni tó ni ìwé òfin ni onílẹ̀. Àwọn oníwèé kéékèèké, tí wọ́n ń kọ ìtàn, ìlú àti àǹjọ̀nú tiwọn fún eré náà, àwọn ni ayálégbé.

ÌWÉ ÀṢẸ ỌDÚN 2000

Ní 1997, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ra TSR. Ní 2000 wọ́n gbé ẹ̀dà kẹta jáde, wọ́n sì ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò retí: wọ́n kọ ìwé àṣẹ tí wọ́n pè ní Open Game License. Ohun tí ìwé náà wí ni pé, ẹnikẹ́ni lè mú eegun òfin eré náà, kí ó kọ ìtàn tirẹ̀ lé e lórí, kí ó sì tà á láìsan kọ́bọ̀. Ojú-ẹsẹ̀ ni àwọn oníwèé kéékèèké rú jáde bí olú.

Ṣùgbọ́n bí ìlù bá yí padà, ijó a yí padà. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní 2003, onílẹ̀ tún òfin náà ṣe. Àwọn tó ti fi owó tẹ ìwé sílẹ̀ rí i pé àwọn oníbàárà ń bi wọ́n pé, “Ṣé ti titun ni, àbí ti àtijọ́?” Ní 2008 ẹ̀dà kẹrin dé, ìwé àṣẹ tirẹ̀ sì le ju ti ìṣáájú lọ.

Nígbà náà ni ilé-iṣẹ́ Paizo, tó ti ń tẹ ìwé ìròyìn eré náà jáde títí di 2007, kọ̀ láti bá onílẹ̀ kó lọ sí ilé titun. Wọ́n mú òfin àtijọ́ tí ìwé àṣẹ 2000 ti yọ̀ǹda, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé e jáde ní 2009, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Pathfinder. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fẹ́ràn ẹ̀dà kẹrin tẹ̀ lé wọn. Onírèsé bí kò bá fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun.

IṢẸ́ TÓ WÀ NÍNÚ ÀTÚNṢE

Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rò pé kí a kàn yí iye kan sí òmíràn ni. Bí mo ti wò ó sí, ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ náà pín sí, ọ̀kan sì nira ju èkejì lọ.

Èkínní ni ìṣirò lásán. Ẹ wo eré Call of Cthulhu, tí ilé-iṣẹ́ Chaosium gbé jáde ní 1981. Tẹ́lẹ̀, bí agbára ènìyàn kan nínú ìtàn bá jẹ́ 12, 12 náà ni wọn yóò kọ. Nínú ẹ̀dà keje, tó jáde ní 2014, wọ́n fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀: 12 di 60. Ẹni tó ní ìtàn àtijọ́ lọ́wọ́ kò nílò ju kó mọ ìsọdipúpọ̀ lọ.

Èkejì ni kí ohun tó dára di ohun tí kò dára. Nínú Dungeons & Dragons ìṣáájú 2000, bí iye ìhámọ́ra jagunjagun bá ti kéré tó ni ó ti le tó láti ṣá a. Láti 2000, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀: èyí tó pọ̀ ló dára. Àǹjọ̀nú tí tirẹ̀ jẹ́ 2 di 18. Bí olùtúnṣe bá gbàgbé ẹyọ 2 kan ṣoṣo sínú ìwé titun, àǹjọ̀nú tó yẹ kó dẹ́rù ba gbogbo tábìlì yóò di ẹran tí ọmọdé lè fi igi pa.

Ẹ̀kẹta ló nira jù: kí ìtumọ̀ yí padà. Nínú ẹ̀dà tó jáde ní 2024, wọ́n mú àfikún agbára kúrò lára ìran tí a ti bí ènìyàn, wọ́n fi í sára iṣẹ́ àti ìgbé-ayé rẹ̀ kó tó di akọni. Oníwèé tó ti dá ìran òmìrán sílẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀, tó sì ti kọ ọ́ pé alágbára ni wọ́n láti inú wá, kò lè fi ìṣirò bọ́ nínú èyí. Ó di dandan kó tún ìran náà rò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí ó kó ènìyàn jọ, kí wọ́n ṣe eré náà wò, nítorí orí tábìlì ni àṣìṣe ti ń fara hàn.

ÌJÀ ỌDÚN 2023

Ní oṣù January 2023, ìwé àṣẹ titun kan tí onílẹ̀ ń kọ ní ìkọ̀kọ̀ jáde sí gbangba. Ó ní kí oníwèé tó bá pa ju 750,000 dọ́là lọ lọ́dún san tó 25 nínú 100 lórí ohun tó bá lé. Èyí tó sì dun àwọn ènìyàn jù ni pé ìwé àṣẹ 2000 kò ní lágbára mọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ohun tí gbogbo wọn ti kọ́lé lé lórí fún ọdún 22.

Ariwo ta. Àwọn oníbàárà ń já owó oṣooṣù tí wọ́n ń san fún ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù náà, onílẹ̀ padà sẹ́yìn, ó sì fi eegun òfin ẹ̀dà karùn-ún sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, èyí tí kò ṣeé gbà padà. Ní 2025 wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti titun náà.

Ṣùgbọ́n ọkàn ti ṣí kúrò. Paizo kó àwọn òǹtẹ̀wé mìíràn jọ, wọ́n ṣe ìwé àṣẹ tiwọn. Ní November 2023 wọ́n tún Pathfinder tẹ̀, wọ́n sì yọ ohun tó jẹ mọ́ ti onílẹ̀ kúrò. Kódà ọfọ̀ tí wọ́n ń pè ní Magic Missile di Force Barrage. Kobold Press pẹ̀lú gbé eré tirẹ̀ jáde ní 2024, Tales of the Valiant.

ÌMỌ̀RÀN MI

Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé (copyright) ti Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀nà tí a ń gbà ta ayò ní tirẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ tí a fi kọ ọ́ sílẹ̀ ló ń dáàbò bò. Nítorí náà, kí oníwèé kékeré tó fọwọ́ kan iye kankan, kí ó pín ìwé rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó jẹ́ tirẹ̀, èyí tó yá pẹ̀lú àṣẹ, àti èyí tó mú láìmọ ẹni tó ni ín. Ìlú tó dá sílẹ̀, àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ìjà wọn àti ìfẹ́ wọn, kò sí onílẹ̀ tó lè lé e kúrò níbẹ̀.

Kí ó sì ro ti oníbàárà. Bó bá jẹ́ iye nìkan ló yí, kí ó tẹ ìwé pélébé kan, kí ó fi ṣe èènì fún ẹni tó ti ra ti àtijọ́. Bí ó bá tún odindi ìwé kọ, ó lè gbowó rẹ̀ láìtijú. Bí àwọn oníbàárà bá sì ní ti àtijọ́ tẹ́ àwọn lọ́rùn, kí ó dúró tì wọ́n. Ní 2006, àwọn kan gbé OSRIC jáde. Òfin bí eré náà ti rí ní nǹkan bí ọdún 1978 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn tún kọ, kí àwọn oníwèé lè máa kọ ìtàn titun fún un.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́gírẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu. Ẹni tó bá wọ tẹni ẹlẹ́ni, kó máa rán tirẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ nílé, kí olówó tó dé wá béèrè.