Ẹni Tí Ó Mọ̀ Pé Òun Kò Mọ̀

Orúkọ kan wà tí ó yá wa lẹ́nu jù láti pe ọmọ. Bí ìṣirò bá dojú rú fún un ní kíláàsì, a ó pè é ní olódo. Bí ó bá ṣi pákó gé ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ní Sabon Gari níbí, ọ̀gá rẹ̀ a ní kò lórí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ a gba orúkọ náà gbọ́, wọn a sì jáwọ́. Ìtàn kan láti ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ lè mú kí a ronú lẹ́ẹ̀mejì kí a tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn náà jẹ mọ́ jẹ́ọ́mẹ́tírì. Ní èdè àwọn Gíríìkì, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni wíwọn ilẹ̀. Herodotus, òpìtàn wọn, kọ ọ́ pé ó dà bí ẹni pé láti Íjíbítì ni ìmọ̀ yìí ti wá. Bí odò Náílì bá jẹ nínú ilẹ̀ ẹnìkan, àwọn ìránṣẹ́ ọba a wá wọn èyí tí ó kù, kí ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ lè dínkù. Àwọn amòye Gíríìkì wá fi ìbéèrè kan kún un. Kò tó wọn pé okùn fi iye kan hàn. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Lójú Plato, ohun tí ènìyàn kò bá lè sọ ìdí rẹ̀, èrò ni, kò tí ì di ìmọ̀.

Nínú ìwé Plato tí a ń pè ní Meno, a rí Socrates, olùkọ́ rẹ̀, ẹni tí ìlú Áténì dá lẹ́bi ikú ní ọdún 399 kí a tó bí Olúwa wa. Ó ń bá Meno, ọlọ́lá kan, sọ̀rọ̀, ó sì ní kí ó pe ọ̀kan wá nínú àwọn ẹrú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò kọ́ jẹ́ọ́mẹ́tírì rí. Socrates ya onígun mẹ́rin ọgbọọgba kan sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí a bá fi ìlà pín in, àpótí kéékèèké 4 ni yóò wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1. Ó wá bi í pé: báwo ni ẹ̀gbẹ́ èyí tí yóò gba àpótí 8 yóò ti gùn tó?

Ọmọ náà dáhùn kíá: ẹsẹ̀ bàtà 4. Wọ́n kà á, ó di àpótí 16. Ó ní kí ó jẹ́ 3. Wọ́n kà á, ó di 9. Nígbà náà ni ó búra pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ì bá ti gbá a létí. Ṣùgbọ́n Socrates yíjú sí Meno, ó ní ipò tí ọmọ náà wà báyìí sàn ju ti ìṣáájú lọ. Tẹ́lẹ̀, kò mọ̀, ó sì rò pé òun mọ̀. Nísinsìnyí, kò mọ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò mọ̀. Ẹni tí ó rò pé òun ti dé kì í béèrè ọ̀nà.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè. Ó to onígun mẹ́rin 4 bí ti àkọ́kọ́ pọ̀, ó fa ìlà láti igun dé igun nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ìlà 4 náà fi di onígun mẹ́rin mìíràn láàárín. Ìlà kọ̀ọ̀kan gé onígun mẹ́rin tirẹ̀ sí ìdajì, èyí tí í ṣe àpótí 2. Ìdajì mẹ́rin sì jẹ́ 8. Ọmọ náà rí i. Ẹ̀yin náà lè dán an wò: ẹ mú ìwé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ẹ ṣẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sí àárín gbùngbùn. Èyí tí ó kù jẹ́ ìdajì ti tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí àwọn igun tí ẹ ṣẹ́ bò ó láìṣẹ́kù.

Lójú Socrates inú ìwé náà, ìrántí ni ẹ̀kọ́, nítorí ọkàn ti mọ nǹkan kí a tó bí ènìyàn. Ìjọ Mímọ́ kò gba pé ọkàn ti wà ṣáájú ara. Ṣùgbọ́n a kò ní láti gba ìyẹn kí a tó rí ohun tí ọmọ náà fi hàn: làákàyè wà lọ́dọ̀ ẹrú bí ó ti wà lọ́dọ̀ olúwa rẹ̀. Síbẹ̀, Plato kò dárúkọ rẹ̀ fún wa, ìwé náà kò sì sọ pé wọ́n dá a sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó jọ èyí ti àdúgbò wa wá pẹ̀lú. Muhammad al-Kishnawi, ọmọ Katsina, tí ó kú sí Káírò ní ọdún 1741, kọ ìwé ní èdè Lárúbáwá ní 1732, lórí bí a ti ń to nọ́ńbà sínú àpótí kí àròpọ̀ gbogbo ìlà lè dọ́gba. Ó kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó má ṣe jáwọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́, bí ọmọ bá sọ pé, "N kò mọ̀ ọ́n," ẹ má ṣe pè é ní olódo. Ẹ bi í bí ó ti ṣe dé ibi tí ó dé, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.