Ọkọ̀ Wo Ni Ká Wọ̀ Dé Èkó?

Ẹni tó bá wá sí ìpàdé gbogbogbòò tó kọjá yóò rántí pé ọ̀rọ̀ kan dá awuyewuye sílẹ̀, tó fi di pé alága lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta kí ilé tó rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ìparí ọdún ni. Lọ́dọọdún, bọ́ọ̀sì la máa ń wọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ará wa ní Ogun Waterside ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀ wá sí Ìwòpin, ká wọkọ̀ ojú omi, ká gba orí ọ̀sà lọ títí dé Erékùṣù Èkó, bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe kí títì ọlọ́dà tó dé.

Ogójì èèyàn ló forúkọ sílẹ̀. Ọlọ́kọ̀ mẹ́ta ló mú iye owó wá, owó wọn kò sì bára mu rárá. Ìgbìmọ̀ wá ní ká lọ fojú rí ọkọ̀ wọ̀nyí, ká sì kọ ohun tá a bá rí sínú ìwé ìròyìn yìí, kí olúkúlùkù lè kà á kó tó dìbò. Àwa mẹ́rin la lọ: bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí òwò pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tíṣà obìnrin kan láti Àgọ́-Ìwòyè, ìyá ẹlẹ́ja kan láti Makun-Omi tó ti ń wọkọ̀ kó tó mọ ìrìn, àti àwa tá à ń kọ ìwé yìí.

ỌNÀ NÁÀ KÌ Í ṢE KÉKERÉ

Kí ẹ̀yin ará òkè má bàa rò pé odò ẹ̀yìnkùlé là ń sọ, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Láti Ìwòpin, ọ̀sà Lekki la ó kọ́kọ́ bọ́ sí. Ọ̀sà yìí fẹ̀ tó kìlómítà 247 níbùú àti lóòró, odò Ọ̀ṣun àti odò Ọní sì wà lára àwọn tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò jìn ju mítà mẹ́ta lọ, ibi tó jìn jù sì lé ní mítà mẹ́fà. Ẹnì kan ní, “Mítà mẹ́ta péré?” Bẹ́ẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n ta ló ga tó mítà méjì nínú wa?

Lẹ́yìn náà la ó kọjá ní Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn. Èjìnrìn yẹn ni ọjà ńlá tí àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn oníṣòwò Èkó ti máa ń pàdé láyé àtijọ́, kí rélùwéè àti títì tó gba òwò lọ́wọ́ ojú omi. Lẹ́yìn Èjìnrìn la ó bọ́ sí ọ̀sà Èkó fúnra rẹ̀. Ìrìn ọ̀pọ̀ wákàtí ni, bí ẹ́ńjìnnì bá sì kú láàárín méjì, kò sí ẹ̀gbẹ́ títì téèyàn ó bọ́ sí láti dúró de mẹkáníìkì.

ỌKỌ̀ KÌÍNÍ

Ọkọ̀ onígi gígùn ni, ẹ́ńjìnnì kan ló wà nídìí rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ló ni ín, a ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Owó tirẹ̀ ló kéré jù, kò tó ìdajì ti ẹnì kẹta. Ó ní ogójì wa lòun máa kó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bàbá onípákó bọ́ bàtà, ó wọnú ọkọ̀, ó ń fi ìka kan pákó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Ó ní, “Ọ̀pẹpẹ rèé, ìrókò rèé. Ìwọ̀nyí ò ní wàhálà, wọ́n lè bá omi gbé. Ṣùgbọ́n ta ló ki arère bọ àárín wọn?” Ọlọ́kọ̀ ní pákó kan ló jẹrà lọ́dún tó kọjá, ohun tí owó òun ká lòun fi dí i. Ẹni tó bá mọ igi mọ̀ pé arère rọ̀, kì í pẹ́ jẹrà nínú omi.

Tíṣà ka ìjókòó. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó béèrè pé níbo ni àwọn mẹ́rìnlá tó kù máa jókòó sí. Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, a ó sún mọ́ra ni. Lọ́jọ́ ọjà, mo máa ń kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

A wá béèrè láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù agbẹ̀mílà tí èèyàn ń wọ̀ lórí omi. Méje ló fà jáde lábẹ́ àwọ̀n, ó ti ṣá, okùn méjì ti já. Ìyá ẹlẹ́ja kò wí nǹkan kan. Ó mú ọ̀kan, ó so òkúta kékeré mọ́ ọn, ó jù ú sómi. Ó léfòó díẹ̀, ó ń mu omi, ó ń mu omi, ó sì rì lójú gbogbo wa. Ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ dákẹ́.

ỌKỌ̀ KEJÌ

Fíbà ni èyí, Ẹ̀pẹ́ la ti bá a. Ó mọ́, ó yá nílẹ̀, ogún ìjókòó ló ní, ẹ̀wù agbẹ̀mílà ogún ló sì wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ dáa. Owó rẹ̀ wà láàárín. A ti fẹ́ máa bọ̀wọ́ kí tíṣà tó béèrè pé báwo ló ṣe máa kó ogójì èèyàn.

Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun máa lọ. Ìpín kìíní á gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, òun á padà wá kó ìpín kejì, àwọn yẹn á dé Èkó “lálẹ́ díẹ̀.” Ẹ̀yin èèyàn wa, oṣù Kejìlá là ń sọ. Ọyẹ́ á ti dé, kùrukùru á bo ojú ọ̀sà láàárọ̀ tí a ò fi ní rí ọwọ́ ara wa. Àjọ NIWA, tó ń bójú tó ojú omi fún ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 1997, sì ti ka rírìn lórí omi lóru léèwọ̀.

A sọ èyí fún un. Ó ní, “Ẹ má fòyà, mo mọ ọ̀nà yìí bí àtẹ́lẹwọ́ mi.”

Ìyá ẹlẹ́ja ní, “Ọmọ mi, ìwọ mọ ọ̀nà. Ṣé ìtì igi tó ń léfòó mọ̀ ọ́?”

Ọ̀rọ̀ ìtì igi yìí kì í ṣe àwàdà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn èèyàn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó ní Egboti wọkọ̀ lóru lórí odò Ọya, wọ́n ń padà lọ sílé wọn ní ìpínlẹ̀ Kwara. Èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì lọ kọlu igi nínú omi. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú. Aṣọ àríyá ló wà lọ́rùn wọn.

ỌKỌ̀ KẸTA

Ọkọ̀ fíbà méjì ni ẹni yìí ní. Ìjókòó méjìlélógún ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òrùlé wà lórí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì méjì ló sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbé wa dé èbúté. Ẹ̀wù agbẹ̀mílà pé, tàwọn ọmọdé wà lọ́tọ̀. Atukọ̀ ò tiẹ̀ gbà ká wọnú ọkọ̀ wò ó láìwọ̀ ọ́. Ó ní orúkọ gbogbo èrò máa wà nínú ìwé, wọ́n á fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní èbúté. Ó ní òun ò ní gbéra bí kùrukùru ò bá tíì ká, àti pé òun fẹ́ ti gúnlẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, torí atẹ́gùn ọ̀sán máa ń ru omi sókè.

Kò sí ohun tá a béèrè tí kò ti ní ìdáhùn sí. Ìgbà tó dárúkọ owó ni gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀bẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

IBI TÍ BÀTÀ TI Ń TA WÁ LẸ́SẸ̀

Lọ́nà ilé, ìyá ẹlẹ́ja sọ ọ̀rọ̀ kan tí a ò lè gbé mì. Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin onípákó lè san owó ọkọ̀ kẹta. Àwọn opó tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ yìí ní Makun-Omi ńkọ́? Àwọn ló kọ́kọ́ sọ pé ká gba ojú omi. Ṣé àwọn ló máa wá jókòó sílé?”

Òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ tó bá fi owó ya àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pariwo nípàdé pé ká sáà wọ ọkọ̀ kìíní, kí gbogbo wa lè jọ lọ. Inú rere ló bí ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí èrò àpọ̀jù ń ṣe fún ọkọ̀. Bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ń sún mọ́ omi. Ìgbì kékeré tí ì bá kàn gbá a lára á wá máa dà sínú rẹ̀. Bí omi bá ti wọlé, àwọn èrò á sá lọ sí apá kan, ọkọ̀ á sì dojú dé.

Kì í ṣe ọkọ̀ onígi nìkan nìyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Senegal, ọkọ̀ ńlá onírin kan wà tí wọ́n ń pè ní Joola. Ó máa ń gbé èrò láti Ziguinchor, á yà ní erékùṣù Carabane, á gba orí òkun lọ sí Dakar. Nǹkan bí 580 èèyàn ni wọ́n kàn án fún. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, nǹkan bí 1,900 ló wà nínú rẹ̀: ọmọ iléèwé tó ń padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, àti àwọn oníṣòwò. Ìjì dé lóru, ọkọ̀ dojú dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èèyàn 64 péré ló yè. Iye tó kú ju ti Titanic lọ. Gbogbo wọn náà fẹ́ jọ lọ ni.

ÀWỌN BÀBÁ WA NÁÀ YAN ỌKỌ̀

Àwọn àgbà inú wa á rántí ọkọ̀ Elder Dempster tó ń kó àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú lọ kàwé nílùú Òyìnbó: Accra tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947, Apapa ní 1948, Aureol ní 1951. Wọ́n á gbéra ní Apapa, wọ́n á yà ní Freetown, wọ́n á yà ní Las Palmas, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gúnlẹ̀ ní Liverpool. Aureol ló ṣe é kẹ́yìn, ní 1974. Kíláàsì olówó wà, kíláàsì mẹ̀kúnnù sì wà. Oúnjẹ wọn ò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni yàrá wọn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó dọ́gba. Nígbà tí Titanic rì ní 1912, ọkọ̀ ìsádi tó wà lórí rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ní 1914, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní London, wọ́n sì ṣàdéhùn pé gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀, olówó àti tálákà, gbọ́dọ̀ láyè nínú ọkọ̀ ìsádi. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù lórí òkun lè dín in kù nínú oúnjẹ àti ibùsùn. Kò lè dín in kù nínú ohun tó ń gba ẹ̀mí là. Ohun tí àwa náà rí kọ́ nìyẹn.

OHUN TÍ A DÁ LÁBÀÁ

Ìkíní: ká lo ọkọ̀ kẹta, ṣùgbọ́n kó gbé wa láti Ìwòpin dé Ẹ̀pẹ́ nìkan. Ọ̀sà Lekki la ó rí, a ó jẹ ẹja tútù ní Ẹ̀pẹ́, bọ́ọ̀sì á sì gbé wa wọ Èkó. A ti bá ọlọ́kọ̀ sọ ọ́; owó náà, tòun ti bọ́ọ̀sì, kò jìnnà sí ti ọkọ̀ kìíní mọ́. Ọ̀nà la gé kúrú, a ò gé ẹ̀wù agbẹ̀mílà.

Ìkejì: bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní, kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí dá owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ká lè gba ojú omi dé Èkó pátápátá lọ́dún tó ń bọ̀, kí opó àti ọlọ́jà jọ lọ.

Ìkẹta, èyí ló sì wù wá jù: kí ẹgbẹ́ yá ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ni ọkọ̀ kìíní lówó, kó fi ra ẹ̀wù agbẹ̀mílà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kó sì yọ pákó arère yẹn kúrò. Bàbá onípákó ti ní òun á fún un ní ọ̀pẹpẹ ní iye tóun rà á. A ò fẹ́ kó rò pé ńṣe la lọ tú u fó. Ẹ rántí pé àwa lè yan ọkọ̀ míì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn ni àwọn ará Makun-Omi ń wọ̀ lọ sọ́jà, àwọn àtàwọn ọmọ wọn.

Alájẹṣẹ́kù ni wá. Ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ de ọ̀la, ó yẹ kó fi ara rẹ̀ náà pamọ́ dè é. Ẹ wá dìbò ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ má rán ẹnikẹ́ni wá dìbò fún yín. Àjò ò dùn kí onílé má relé.